Bẹ́ ẹ ṣe máa lo ọjọ́ mẹ́ta ní Vitoria-Gasteiz láì máa bá ilẹ̀kùn ní títì

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó bá lọ ṣe fàájì kékeré ní Vitoria-Gasteiz, ìlú àtijọ́ tí ìjọba àti ilé aṣòfin àwọn Basque, ẹ̀yà kan tó ní èdè tiẹ̀, wà ní àríwá Spéìn. Wọ́n á rí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú owó pọ́ọ́kú, wọ́n á ti rà á kí wọ́n tó wo nǹkan mìíràn, tíkẹ́ẹ̀tì yẹn á wá gbé wọn débẹ̀ lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀bù ti tì, ilé oúnjẹ ti ń palẹ̀ mọ́, ilẹ̀ Mọ́ńdè á mọ́, múṣíọ́mù ò ṣí, wọ́n á gba kátídírà Santa María lọ, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àtijọ́ tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ kí wọ́n tó mú un wọlé, wọ́n á gbọ́ pé àyè ti kún, àfi ọ̀la, bẹ́ẹ̀ ọ̀la ni wọ́n ń padà sílé. Wọ́n á délé wọ́n á ní ìlú náà ò ní nǹkan kan nínú. Irọ́ gbuu ni! Ìlú yẹn dùn ún rìn, ó mọ́ tónítóní, oúnjẹ ẹ̀ dáa, ẹsẹ̀ lẹ dẹ̀ máa fi rin èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ó kàn ní wákàtí tó ń ṣí àti wákàtí tó ń tì ni, ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ lé e, òun ò ní tẹ̀ lé yín.

Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, kó jẹ́ pé àyè inú kátídírà lẹ máa kọ́kọ́ mú, kẹ́ ẹ tó fi nǹkan yòókù yí i ká.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Pásípọ́ọ̀tù tó ṣì máa lò tó oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò níbẹ̀, tí kò dẹ̀ tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣe é.
- Físà Schengen (físà kan tó gba ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, Spéìn wà nínú ẹ̀), tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ń lò.
- Ìnṣúránsì ìrìnàjò tó bo ìtọ́jú àìsàn tó 30,000 yúrò. Wọ́n máa bèèrè ẹ̀ nígbà físà.
- Káàdì báǹkì àti owó yúrò kéékèèké díẹ̀ lọ́wọ́.
- Bàtà pẹlẹbẹ tó di ilẹ̀ mú. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sí ìlú àtijọ́, òjò dẹ̀ máa ń jẹ́ kó yọ̀.
- Jákẹ́ẹ̀tì, kódà nínú August. Ìlú náà wà lórí ilẹ̀ tó ga tó nǹkan bíi mítà 525 ju òkun lọ, ọ̀sán lè móoru kí alẹ́ tutù nini. Àwọn ará Spéìn fúnra wọn máa ń pè é ní Siberia-Gasteiz.
- Máàpù tẹ́ ẹ ti ṣe dáńlóòdù ẹ̀ sórí fóònù.

1. Ẹ mú ọjọ́ kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Tọ́sìdè sí Sátidé ló dáa jù. Alẹ́ Tọ́sìdè ni wọ́n ń ṣe pintxo-pote (mò ń bọ̀ wá sórí ìyẹn), Fúráìdè gbogbo nǹkan ló ṣí, Sátidé ọjà àti múṣíọ́mù ṣì wà. Ọ̀pọ̀ múṣíọ́mù ìlú náà kì í ṣí ní Mọ́ńdè. Sọ́ńdè dẹ̀ rèé, supermarket àti ṣọ́ọ̀bù fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tì tán, ẹni tó bá fẹ́ ra omi àti súwíìtì ọmọdé á kàn máa káàkiri ni.

Ẹ tún wo August dáadáa. Láti ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 9 August ni wọ́n máa ń ṣe ọdún Virgen Blanca, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 4 wọ́n á fi wáyà sọ ère Celedón kalẹ̀ láti ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì San Miguel, tòun ti agbòòrùn ẹ̀ lọ́wọ́, èrò á kún ojú pápá débi pé abẹ́rẹ́ ò ní rí ibi já bọ́ sí. Tó bá jẹ́ ọdún yẹn lẹ̀ ń bá lọ, ó dáa, ẹ gba hòtẹ́ẹ̀lì ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ rìn jẹ́jẹ́ kẹ́ ẹ wo ilé àtijọ́, ẹ jìnnà sí ọ̀sẹ̀ yẹn pátápátá. May, June àti September ni mo fẹ́ràn jù fún un, ojúmọ́ ń pẹ́ kó tó ṣú, oòrùn ò dẹ̀ le.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ kọ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Tí Sọ́ńdè tàbí Mọ́ńdè bá jẹ́ odindi ọjọ́ kan nínú wọn, ẹ padà lọ tún un tò.

2. Físà

Kíákíá la máa kọjá níbí. Físà UK kì í ṣe físà Schengen o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Manchester tẹ́ ẹ ṣì ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ẹ gbọ́dọ̀ gba físà Spéìn níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra. Wọ́n máa ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò, kò dẹ̀ gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ tó dín sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kẹ́ ẹ tó mú un lọ. 90 yúrò ni owó físà àgbàlagbà, yàtọ̀ sí ohun tí ọ́fíìsì tó ń gba ìwé máa gbà lé e. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni kẹ́ ẹ ti máa wá déètì, torí déètì gan-an ló ń wọ́n.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe ni pé wọ́n á sanwó hòtẹ́ẹ̀lì tí kò ṣeé gbà padà kí físà tó jáde. Èyí tẹ́ ẹ lè fagi lé lọ́fẹ̀ẹ́ ni kẹ́ ẹ mú. Ìkejì ni pé wọ́n á lọ gba físà France torí pé ọkọ̀ òfurufú máa balẹ̀ sí Biarritz, bẹ́ẹ̀ Spéìn ni wọ́n ti máa sun gbogbo oorun wọn. Orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ ti máa lo ọjọ́ tó pọ̀ jù lẹ ń gba físà ẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* nígbà tí pásípọ́ọ̀tù bá padà dé, ẹ wo déètì tí wọ́n kọ sára físà àti iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín. Kó bo ọjọ́ ìrìn yín tán pátá.

3. Àyè inú kátídírà Santa María

Èyí ni ọkàn ìrìnàjò náà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Kátídírà yìí kì í ṣe irú èyí tẹ́ ẹ kàn máa wọlé, ẹ máa ya fọ́tò, ẹ máa jáde. Ilé náà ti ń yẹ̀ láti ayé àtijọ́, àwọn òpó inú ẹ̀ ti tẹ̀, ojú lásán lẹ máa fi rí i pé òpó tó yẹ kó dúró gbọnrangandan ti yọ ikùn síta. Àwọn ará ìgbà yẹn wá mọ arch láti òpó kan sí èkejì kó lè dì wọ́n mú, arcos del miedo làwọn ará ìlú ń pè é, arch ìbẹ̀rù. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ńlá, wọn ò ti ilẹ̀kùn mọ́ aráàlú, láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń mú èèyàn wọlé wo iṣẹ́ náà bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, wọ́n á fún yín ní akoto bíi ti àwọn bírìkìlà, ẹni tó mọ̀ ọ́n á ṣíwájú yín, á fi ìpìlẹ̀ ilé hàn yín nísàlẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀ ń wo inú ilé bí ẹni ń wo abẹ́ mọ́tò tí mẹkáníìkì ti tú sílẹ̀. Mi ò tíì rí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ mìíràn tó ń jẹ́ kéèyàn mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ tó báyìí.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé: ẹ lọ sórí wẹ́ẹ̀bù Fundación Catedral Santa María, àwọn ló ń bójú tó o. Ẹ yan ọjọ́, ẹ yan èdè, ẹ yan irú ìbẹ̀wò. Kátídírà nìkan wà, èyí tó ní ilé agogo lókè náà wà. Ẹ mú èyí tó ní ilé agogo tí orókún yín bá gbà á, torí láti òkè yẹn lẹ ti máa rí bí àwọn òpópónà ṣe yí òkè kékeré náà ká, ìdí tí wọ́n fi ń pe ìlú àtijọ́ ní Almendra á dẹ̀ hàn sí yín, bí èso álímọ́ńdì ló rí. Bàbá àgbàlagbà tàbí ìyá tí ẹsẹ̀ ń dùn, ẹ fi wọ́n sínú kátídírà nìkan, àtẹ̀gùn yẹn pọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: àwọn kan á mú wákàtí tó ṣófo láì wo èdè, wọ́n á dé ibẹ̀ wọ́n á bá èdè Spéìn pọ́ńbélé, gbogbo àlàyé á kọjá lórí wọn. Tí Gẹ̀ẹ́sì lẹ gbọ́, Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa mú, kódà tó bá máa yí ètò ọjọ́ yẹn padà. Àárọ̀ Fúráìdè ni kẹ́ ẹ wá. Tí Fúráìdè bá kún, ẹ wo Sátidé. Tí méjèèjì bá kún, ẹ yí ọjọ́ ìrìnàjò padà, mo ń sọ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ímeèlì gbọ́dọ̀ ti wọlé, ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́, wákàtí àti èdè nínú. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sínú fóònù. Ìgbà tí èyí bá dúró lẹ tó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú.

4. Hòtẹ́ẹ̀lì, àti ọ̀rọ̀ orúkọ méjì

Gbogbo nǹkan níbẹ̀ ló ní orúkọ méjì, ti èdè Spéìn àti ti èdè Basque. Vitoria ni Gasteiz. Bilbao ni Bilbo. San Sebastián ni Donostia. Òpópónà náà bẹ́ẹ̀ ni: Cuchillería ni Aiztogile, Zapatería ni Zapatari, Herrería ni Errementari, Correría ni Hedegile. Ọ̀pọ̀ ló ti yí ibì kan po torí pé hòtẹ́ẹ̀lì kọ Cuchillería sínú ímeèlì, bẹ́ẹ̀ Aiztogile ni wọ́n ń wò lójú máàpù. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ fún àdírẹ́ẹ̀sì yín. Tẹ́ ẹ bá dẹ̀ rí "itxita" lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ti tì nìyẹn, "zabalik" ni wọ́n ṣí.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ máa sùn, ẹ wá nǹkan sí àárín òpópónà Dato àti pápá Virgen Blanca. Mọ́tò kì í gba Dato, ẹsẹ̀ lásán ni, tááràrá ló dẹ̀ lọ láti ilé ọkọ̀ ojú irin dé àárín ìlú. Ẹ má gba yàrá tí fèrèsé ẹ̀ kọjú sí Cuchillería tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, ilé ọtí ló kún ibẹ̀, wọ́n dẹ̀ ń pariwo wọ òru lọ ní wíkẹ́ńdì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi Google Maps wọn ọ̀nà láti hòtẹ́ẹ̀lì dé Plaza de la Virgen Blanca pẹ̀lú ẹsẹ̀. Tó bá ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ẹ wá òmíràn.

5. Bẹ́ ẹ ṣe máa débẹ̀

Bilbao ni kẹ́ ẹ balẹ̀ sí. Ọkọ̀ òfurufú ń lọ tààrà láti London. Láti Èkó ẹ máa gba Paris, Frankfurt tàbí Istanbul kọjá. Tí pásípọ́ọ̀tù yín kì í bá ṣe ti Yúróòpù, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ tẹ̀ka kí wọ́n dẹ̀ ya fọ́tò yín ní ẹnu ibodè, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá jáde ní pápákọ̀, bọ́ọ̀sì Bizkaibus A3247 lẹ máa wọ̀ lọ sínú Bilbao, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní ìdíkọ̀ Bilbao Intermodal tó wà ní San Mamés, níbẹ̀ lẹ ti máa wọ bọ́ọ̀sì Vitoria. Nǹkan bíi wákàtí kan ni.

Ẹ ṣọ́ra níbí o! Àwọn kan á ní ọkọ̀ ojú irin làwọn fẹ́, torí pé lójú máàpù ìlú méjèèjì sún mọ́ra. Kò sí ọkọ̀ ojú irin tó lọ tààrà láti Bilbao sí Vitoria, Miranda de Ebro ló máa gbé yín yí ká, ọjọ́ á ti lọ. Bọ́ọ̀sì ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ Madrid tàbí San Sebastián lẹ ti ń bọ̀, ọkọ̀ ojú irin wà, ó dẹ̀ dáa.

Ìdíkọ̀ bọ́ọ̀sì ní Vitoria jìnnà díẹ̀ sí ìlú àtijọ́. Ẹ wọ tram tó ń kọjá nítòsí, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní Parlamento, ìrìn díẹ̀ ló kù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kẹ́ ẹ tó gbé báàgì sínú bọ́ọ̀sì ní Bilbao, ẹ wo iwájú ẹ̀. "Vitoria", "Gasteiz" tàbí méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

6. Ọ̀sán Tọ́sìdè: ẹ fi ẹsẹ̀ mọ ìlú

Láàárín aago méjì sí aago márùn-ún, ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ ló máa tì. Ẹ má bínú sí i, àkókò yẹn ló dáa jù láti rìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Plaza de la Virgen Blanca, ẹ wo ère ńlá tó wà láàárín, ti ogun ọdún 1813 tí wọ́n ti ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Napoleon nítòsí ìlú náà. Ẹ yà sí Plaza de España lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ilé ló yí i ká ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wá gba abẹ́ Los Arquillos gòkè. Àwọn Arquillos yìí wù mí gan-an, torí pé òkè tó dà gẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ọgbọ́n sọ di ọ̀nà tó ní òrùlé, òjò ò ní pa yín.

Tẹ́ ẹ bá dé òkè, ẹ máa rìn káàkiri àárín àwọn òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ oníṣẹ́ ọwọ́, alọ́bẹ, alágbẹ̀dẹ, aránbàtà. Ẹ gbójú sókè, àwòrán ńláńlá tí wọ́n kùn sára ògiri ilé wà níbẹ̀, àwọn ará àdúgbò ló bá àwọn ayàwòrán kùn ún. Tẹ́ ẹ bá ti kẹ̀kẹ́ ọmọ dání, ẹ má gun àtẹ̀gùn, ẹ wá ilẹ̀ tó ń gbéni gòkè ní Cantón de la Soledad, ó ní òrùlé, ọ̀fẹ́ ni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* tẹ́ ẹ bá lè rìn padà sí Virgen Blanca láì wo fóònù, ẹ ti mọ ìlú náà tó.

7. Alẹ́ Tọ́sìdè: pintxo

Pintxo ni oúnjẹ kékeré tí wọ́n ń tò sórí káńtà ilé ọtí, búrẹ́dì tí wọ́n to nǹkan lé, ẹja, ẹyin, olú, nígbà míì igi kékeré ló gún un pọ̀. Pintxo-pote ni ti Tọ́sìdè, wọ́n á ta ohun mímu àti pintxo kan pọ̀ ní owó tó rọjú. Òpópónà Gorbea lókìkí fún un. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tí wọ́n fara balẹ̀ sè, ẹ yà sí àwọn ilé ọtí àárín ìlú àti ìlú àtijọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹ wọlé, ẹ kí wọn, "kaixo" ti tó. Ẹ dúró nídìí káńtà, ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀, ẹ tún wo pátákó ara ògiri, torí àwọn tó gbóná tí wọ́n ń sè nínú kíṣìnì ló máa ń wà lórí pátákó, àwọn yẹn ló dùn jù, àlejò dẹ̀ máa ń gbójú fò wọ́n. Ẹ mú ẹyọ kan, ó pọ̀ tán méjì, ẹ sanwó, ẹ bọ́ sí ibòmíràn. Ẹni tó bá jókòó sí ilé ọtí àkọ́kọ́ tó jẹ mẹ́fà ti ba alẹ́ jẹ́ fún ara ẹ̀.

Ohun mímu: zurito ni bíà kékeré, kì í pa èèyàn. Wáìnì Rioja Alavesa, ìpínlẹ̀ tí ìlú náà wà gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tí kì í mu ọtí, ẹ ní "mosto", omi èso àjàrà ni, àwọn ará ibẹ̀ náà ń mu ún, wọ́n á fi yìnyín sí i fún yín.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí àti ẹnikẹ́ni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ fi etí sílẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ lórí káńtà yẹn ju bó ṣe hàn lójú lọ. Jamón, chorizo, txistorra, gbogbo ẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni. Croqueta tó dà bí ànàmọ́ díndín lójú, jamón sábà máa ń wà nínú ẹ̀. Ẹ sọ pé "no como cerdo", ẹ bèèrè ẹyọ kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó mú un, wọn kì í bínú. Tortilla de patatas, ẹyin àti ànàmọ́, ló rọrùn jù, àmọ́ ẹ bèèrè òun náà. Ata tí wọ́n ń fi igi kékeré gún mọ́ ẹja antxoa àti olifi, tí wọ́n ń pè ní gilda, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀, kò ta tó tiwa rárá.

Tó bá jẹ́ oúnjẹ ìjókòó lẹ fẹ́, aago kan ààbọ̀ sí mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ni, lẹ́yìn ẹ̀ kíṣìnì ò tún ní dáná títí di nǹkan bíi aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, ẹ bèèrè "menú del día", àwo àkọ́kọ́, àwo kejì, ohun dídùn, búrẹ́dì àti ohun mímu ní iye kan ṣoṣo. Fún ohun dídùn, ẹ ní goxua, kírímù, kéèkì àti kọ́sítáàdì tí wọ́n jó ṣúgà lé lórí, oúnjẹ ìlú yẹn gan-an ni.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kó tó di aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ ti dé ilé ọtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ikùn ò dẹ̀ tíì le.

8. Fúráìdè

Ẹ dé ẹnu kátídírà ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú wákàtí tí wọ́n kọ fún yín. Tẹ́ ẹ bá pẹ́, wọ́n ti wọlé lọ.

Tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ lọ sí Bibat ní òpópónà Cuchillería. Múṣíọ́mù méjì ló wà níbẹ̀, ti ohun tí wọ́n wú nínú ilẹ̀ àti ti káàdì tí wọ́n fi ń ta ayò. Ẹ má kọjá ti káàdì yẹn. Láti ọdún 1868 ni Heraclio Fournier ti dá ilé iṣẹ́ káàdì sílẹ̀ ní ìlú yìí, ẹ máa rí káàdì láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, tàwọn ọba, tàwọn ológun, àwọn kan kéré bí èékánná. Wákàtí kan ò lè tó ẹni tó fẹ́ràn ayò. Ẹ ṣọ́ wákàtí tí wọ́n ń tì lọ́sàn-án.

Jẹun ọ̀sán, sinmi, kẹ́ ẹ wá gba ọgbà La Florida lọ ní ìrọ̀lẹ́, kátídírà tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí òjò bá ń rọ̀ winniwinni, ẹ fi múṣíọ́mù Artium rọ́pò ọgbà, iṣẹ́ ọnà ìsinsìnyí ló wà níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà jù ní ọjọ́ yìí ni ojúkòkòrò. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ wo múṣíọ́mù Guggenheim ní Bilbao lọ́sàn-án, kí wọ́n tún jẹun alẹ́ ní San Sebastián. Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n máa lo Fúráìdè wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ò gba ìlú mẹ́ta.

9. Sátidé, àti ìpadàbọ̀

Ẹ kó báàgì fún hòtẹ́ẹ̀lì kó bá yín tọ́jú ẹ̀, ẹ lọ sí Salburua láàárọ̀. Irà ńlá tí omi àti ẹyẹ kún ni, ní etí ìlú, bọ́ọ̀sì ìlú ń lọ, kẹ̀kẹ́ náà ń lọ. Ilé kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ataria, inú ẹ̀ ni wọ́n ti máa fún yín ní máàpù, ẹ wá wọ inú ahéré onígi tí wọ́n ṣe sétí omi, ẹ dákẹ́, ẹ máa wo ẹyẹ. Irú ibi báyìí ló jẹ́ kí wọ́n fún Vitoria-Gasteiz ní oyè European Green Capital lọ́dún 2012. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ọmọdé lè rìn ín.

Ẹ padà sí àárín ìlú kó tó di aago kan, ẹ ra ohun tẹ́ ẹ máa mú lọ sílé kí ṣọ́ọ̀bù tó tì, ẹ jẹun, ẹ gba báàgì. Fún ọkọ̀ òfurufú, ẹ ka wákàtí yín sẹ́yìn báyìí: wákàtí méjì ààbọ̀ ní pápákọ̀, ìdajì wákàtí fún Bizkaibus, ìdajì wákàtí fún dídúró ní Intermodal, wákàtí kan fún bọ́ọ̀sì láti Vitoria, ìdajì wákàtí láti hòtẹ́ẹ̀lì dé ìdíkọ̀. Wákàtí márùn-ún lápapọ̀. Tí ọkọ̀ yín bá gbéra ní aago mẹ́jọ alẹ́, aago mẹ́ta ọ̀sán lẹ gbọ́dọ̀ ti gbé báàgì, ẹ dẹ̀ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì yẹn lórí fóònù láti alẹ́ Fúráìdè, torí bọ́ọ̀sì wíkẹ́ńdì máa ń kún.